Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Abùjá: Ẹ tú ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bàálù sílẹ̀

Sí ẹ̀yin sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti ẹ̀yin aṣojú-ṣòfin mẹ́sàn-án tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó rán lọ sí Abùjá,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin ọlọ́lá. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọmọbìnrin mi ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù. Éà họ́sítẹ́ẹ̀sì ni, ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tó fi Èkó ṣe ibùdó. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà torí ibẹ̀ ni ọmọ mi ti ń jẹun. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá wọn pé iye tí àwọn ń gbà lóṣù kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni àwọn ṣì ń gbà títí di òní, àti pé owó tó yẹ kí wọ́n máa rí gbà tí wọ́n bá sun ìlú mìíràn mọ́jú kì í wá lásìkò mọ́. Wọ́n fi gbèdéke sí i, wọ́n ní bí kò bá sí èsì, àwọn yóò dáṣẹ́ sílẹ̀.

Èsì dé lóòótọ́, orí WhatsApp ló sì gbà dé. Ó ní iléeṣẹ́ ti fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́, ìyẹn àǹfààní láti wọ ọkọ̀ iléeṣẹ́ ní owó pọ́ọ́kú, fún gbogbo ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà náà títí wọn yóò fi tún gbọ́. Ó tún ní kí wọ́n rántí pé òfin ọdún 2022 kò fàyè gba ìyanṣẹ́lódì ní ẹ̀ka ọkọ̀ òfúrufú.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀ẹ̀kejì ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ̀wé sí. Ọ̀gá ọmọ mi kò ṣòfin. Ilé tí ẹ wà nínú rẹ̀ ló ṣe é.

1. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin mẹ́fà lórí ètò ọkọ̀ òfúrufú lẹ́ẹ̀kan náà. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó sọ pé gbogbo iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí bàálù gbéra, kó fò, kó sì balẹ̀ láìséwu, títí kan wíwọlé àti jíjáde èrò, iṣẹ́ kòṣeémánìí ni. Ó wá fún mínísítà ní agbára láti fi ìlànà ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi NUATE àti ATSSSAN pariwo nígbà náà. Ta ló gbọ́?

Àwọn kan nínú yín lè ní àwọn kò sí níbẹ̀, pé Ilé kẹsàn-án ló ṣòfin yìí. Àga kan náà lẹ jókòó lé, ọ̀pá àṣẹ kan náà ló sì wà níwájú yín.

Ẹ wo bí òfin náà ṣe kó gbogbo ènìyàn sínú àpò kan: ẹni tó ń darí bàálù láti ilé ìṣọ́, panápaná pápákọ̀, ẹni tó ń kó ẹrù, éà họ́sítẹ́ẹ̀sì. Wọn kò rí bákan náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, tí a kò tíì lo oṣù kan nínú òmìnira, ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn 87 àti 98 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ àti láti bá agbanisíṣẹ́ dúnàádúrà. Ìgbìmọ̀ ILO tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àtidá ẹgbẹ́ sílẹ̀ sì ti sọ ọ́ lásọtúnsọ pé ìjọba lè ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀ fún àwọn tó ń darí bàálù láti ilé ìṣọ́, ṣùgbọ́n pé awakọ̀ bàálù àti iṣẹ́ ìrìnnà lápapọ̀ kò sí lára iṣẹ́ kòṣeémánìí. Bí awakọ̀ gan-an kò bá sí lára wọn, ọ̀nà wo ni ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn, tó ń ṣàyẹ̀wò bẹ́líìtì èrò, gbà wọ ibẹ̀? Abala 40 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí náà fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè dáàbò bo ohun tó jẹ́ tiwọn. Ẹgbẹ́ tí kò lè dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí ni.

2. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, torí ó jọ pé àwọn kan rò pé afẹ́ lásán ni.

Káàkiri ayé ni òṣìṣẹ́ bàálù ti máa ń wọ ọkọ̀ iléeṣẹ́ rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà mìíràn ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò san. ID90 ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àmọ́ kò ní àga tirẹ̀ o. Yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí gbogbo ẹni tó sanwó pé yóò fi wọlé tán. Bí àga bá ṣẹ́ kù, yóò wọlé. Bí kò bá sí, yóò gbé báàgì rẹ̀ padà sí yàrá tó háyà. Àga tí ì bá ṣófo dé Àkúrẹ́ ni wọ́n fún un. Ẹ̀bùn tó ná iléeṣẹ́ ní owó kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ nígbà tí wọ́n bá ń gba ọmọ tuntun síṣẹ́, kí ọmọ náà má bàa jiyàn lórí owó oṣù. Nítorí náà, ara owó iṣẹ́ ni. Bí oníbúrẹ́dì ní Arákàlẹ̀ bá sọ fún àwọn tó ń po ìyẹ̀fun fún un pé òun kò lè san tó bó ṣe yẹ, pé búrẹ́dì alẹ́ ni òun yóò fi dí i, ọjọ́ tó bá gba búrẹ́dì náà padà, owó wọn ló gé.

Ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì yìí jẹ́ sí àwa òbí kò ṣòro láti lóye. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ sì mọ̀ pé inú ọkọ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀ lé ni ẹ fi ń gbà á. Ọmọ mi kì í gba ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ìsinmi rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ tí àga ṣẹ́ kù, ó máa ń balẹ̀ ní pápákọ̀ wa ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀, a ó sì jọ jẹun alẹ́. Ní báyìí, inú bọ́ọ̀sì ló wà, èmi sì wà lórí fóònù títí yóò fi wọlé.

3. Ìjà tó jọ èyí jù lọ tí mo mọ̀ ni ti British Airways, ó sì yẹ kí gbogbo ọ̀gá iléeṣẹ́ bàálù ní Nàìjíríà kà nípa rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni.

Ní ìparí ọdún 2009, iléeṣẹ́ náà dín òṣìṣẹ́ inú àwọn bàálù ńlá rẹ̀ tó ń rin ọ̀nà jíjìn láti pápákọ̀ Heathrow ní London kù láti 15 sí 14. Inú bí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ wọn, Unite, dìbò, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò sì ní àwọn fara mọ́ ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ 12 lásìkò Kérésìmesì. Ilé-ẹjọ́ gíga dá wọn dúró torí pé wọ́n ka àwọn tó ti fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ àwọn olùdìbò. Wọ́n tún ìbò dì ní ọdún 2010. Ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 20 oṣù kẹta ni wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀.

Willie Walsh, ọ̀gá àgbà nígbà náà, ti kìlọ̀ ṣáájú: ẹni tó bá dáṣẹ́ sílẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó sì ṣe é. Àlàyé rẹ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì náà kò sí nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́, pé oore ni, àti pé ẹni tó ṣoore lè gba oore rẹ̀ padà. Ẹ má gbàgbé àlàyé yẹn, torí òun náà ni wọ́n ń lò lórí àwọn ọmọ wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ń gbé ní ìlú tó jìnnà sí Heathrow, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gbé ní orílẹ̀-èdè náà. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n fi ń dé ibi iṣẹ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ lórí iye òṣìṣẹ́ àti owó di ìjà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti ń yanjú, ti tíkẹ́ẹ̀tì kò yanjú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, iléeṣẹ́ tún gba ilé-ẹjọ́ lọ, ó ní ẹgbẹ́ kò sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ pé ìwé ìdìbò 11 ló bàjẹ́. Mọ́kànlá, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún! Ilé-ẹjọ́ gíga gbà fún un, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dà á nù láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ ní òun yóò dá tíkẹ́ẹ̀tì padà, ṣùgbọ́n pé ẹni tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yóò tò sẹ́yìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀, wọn ò sì jẹ̀bi, torí ọjọ́ tí ènìyàn wọṣẹ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí àga òfìfo kọ́kọ́ kàn.

Ọjọ́ 22 ni wọ́n fi dáṣẹ́ sílẹ̀ lápapọ̀ ní ọdún yẹn. Iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣírò àdánù rẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 150 pọ́ún. Ìgbà tí Keith Williams gorí àga ọ̀gá àgbà ní ọdún 2011 ni àlàáfíà tó dé, tíkẹ́ẹ̀tì sì wà lára ohun tí wọ́n dá padà. Mílíọ̀nù 150 pọ́ún lórí àga òfìfo. Èmi ò rí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ìdí tí ìjà náà fi lè parí: àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ní ohun tí wọ́n lè fi bá iléeṣẹ́ jà. Àwọn tiwa, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ wọn.

4. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 10 éà họ́sítẹ́ẹ̀sì dáṣẹ́ sílẹ̀ ní Air Canada. Ohun tó ń dùn wọ́n jù ni pé ìgbà tí bàálù bá ń rìn ni owó wọn ń kà; iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nígbà tí èrò ń wọlé, tí ọkọ̀ ń dúró de àyè, ọ̀fẹ́ ni. Kò pé wákàtí 12 tí ìjọba Kánádà fi lo agbára òfin láti dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kọ̀. Olórí ẹgbẹ́ wọn ní bó bá di ẹ̀wọ̀n, kó di ẹ̀wọ̀n. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àdéhùn wà lórí tábìlì tó ní owó fún iṣẹ́ orí ilẹ̀ nínú. Mi ò ní kí ọmọ mi tàpá sófin o. Mo ń fi hàn yín pé òfin tó kan ń lé òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ kì í yanjú ohun tó lé wọn jáde.

5. Nílé ńkọ́? Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, kí òfin yín tó dé, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti Arik Air pa lórí owó oṣù tí wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2017, AMCON, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gba gbèsè tó ti bàjẹ́ ní báńkì, gba iléeṣẹ́ náà torí gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. N kò sọ pé ìyanṣẹ́lódì ló fà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ti ẹnu ọ̀nà pa ni ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń wọ ọkọ̀ náà tó mọ̀ pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí wa lẹ́nu ilẹ̀kùn kò tíì gba owó oṣù.

Àwọn tí kò sì rí ibì kankan tì pa, ẹ bi wọ́n léèrè: àwọn òṣìṣẹ́ Nigeria Airways. Lábẹ́ ìjọba Ọbásanjọ́ ni wọ́n pa iléeṣẹ́ yẹn rẹ́. Ọdún 2018 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ̀ǹda bílíọ̀nù 22.68 náírà, tí kò ju ìdajì owó tó tọ́ sí wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ti kú kí ìdajì náà tó dé. Bàbá kan ní àdúgbò wa níbí wà nínú wọn; ìwé gbèsè náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ jogún.

6. Ẹ ó sọ pé ààbò ẹ̀mí lẹ wò tí ẹ fi ṣe òfin náà. Àwa ará Oǹdó kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ewu bàálù fún wa. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ Associated Airlines tó ń gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù, gómìnà wa tẹ́lẹ̀, bọ̀ wálé já lulẹ̀ kété tó gbéra ní Èkó. Ènìyàn 20 ló wà nínú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì kú.

Torí ààbò gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, bàálù Japan Airlines kan kọlu ọkọ̀ òfúrufú àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun nígbà tó ń balẹ̀ ní Haneda, ní Tokyo, iná sì gbà á. Ènìyàn 379 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìkéde inú ọkọ̀ náà kú. Ohùn ẹnu àti gbohùngbohùn ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi darí èrò. Nínú ẹnu ọ̀nà 8, mẹ́ta péré ni wọ́n lè ṣí. Gbogbo èrò inú bàálù náà ló jáde láàyè. Iṣẹ́ éà họ́sítẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Jólófù àti ìpanu tí ẹ ń rí wọn pín, ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí kò bá sí ewu ni. Ẹni tí a ti kọ́ pé fífọwọ́ sí lẹ́tà lásán yóò mú ìyà wá, ṣé òun ni yóò dìde sọ fún ọ̀gá pé ilẹ̀kùn kan kò ṣí dáadáa?

7. Ti àjẹmọ́nú tiyín, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani ló là á mọ́lẹ̀ ní ọdún 2018 pé mílíọ̀nù 13.5 náírà ni sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣù láti fi bójú tó iṣẹ́, lẹ́yìn owó oṣù. Nígbà tí ẹ bá bínú jáde nínú Ilé nítorí ohun tí olórí yín ṣe, kò sí ẹni tó ń fagi lé ìyẹn lórí WhatsApp.

Mo mọ ohun tí ẹ ó fi dá mi lóhùn. Àwọn èrò tó há sí pápákọ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti tẹ̀ lé ẹgbẹ́ wa dáṣẹ́ sílẹ̀ rí, mo sì rí ohun tí ó ṣe fún àwọn ọmọ tó fẹ́ jókòó ṣe ìdánwò. Mo tún mọ̀ pé àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ọ̀sán ni wọ́n ń pariwo, alẹ́ ni wọ́n ń gba àpò owó. Nítorí náà n kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fún ẹnikẹ́ni ní agbára láti jí lọ́jọ́ kan kó ti pápákọ̀ pa. Ohun tí mo ń bèèrè nìyí.

Èkíní, kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjìlá gbé àbá òfin wá láti tún gbólóhùn ọdún 2022 náà ṣe. Ẹ fi í mọ sórí àwọn tó ń darí bàálù láti ilé ìṣọ́ àti àwọn panápaná pápákọ̀. Àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbò ìkọ̀kọ̀ àti ìkéde ọjọ́ 14 fún aráàlú, kí ẹni tó ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lè wá ọ̀nà mìíràn.

Èkejì, kí òfin náà sọ ọ́ kedere pé àjẹmọ́nú tí iléeṣẹ́ ti ń fún òṣìṣẹ́, ìbáà wà nínú ìwé àdéhùn tàbí kò sí níbẹ̀, kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka níbí ní Àkúrẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wá owó ilé ní Ìkẹjà kò lè háyà lọ́yà tí yóò bá lọ́yà iléeṣẹ́ bàálù fà á fún ọdún mẹ́ta. Bí òfin bá là á sílẹ̀, ẹjọ́ náà yóò kúrú.

Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfúrufú nínú Ilé méjèèjì pe àwọn iléeṣẹ́ bàálù wá síwájú aráàlú, kí wọ́n sọ oṣù mélòó ni wọ́n jẹ òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ máa ń pè wọ́n nígbà tí bàálù bá pẹ́. Ẹ pè wọ́n nítorí èyí náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán olùrànlọ́wọ́ yín láti wá kí mi nílé pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Gbangba ni mo ti kọ̀wé, gbangba ni mo fẹ́ ìdáhùn, kí Ilé tó lọ sí ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹni tó bá gbé àbá náà wá, èmi fúnra mi ni yóò máa kó àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì káàkiri láti Ìjàpọ̀ dé Ọ̀bà-Ilé láti sọ orúkọ rẹ̀ kí a tó dìbò ọdún 2027. Ẹni tí kò bá sọ ohunkóhun, a ó sọ orúkọ tirẹ̀ náà.

Emi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá éà họ́sítẹ́ẹ̀sì kan,
Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́.